Ohun Tí Ìyé Wí

Kí egbò tó dá Kàrímọ́tù dúró, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun bá a níbi tó jókòó lásán. Orí òkè Agbája ló ń gbé, ní abúlé Ọ̀wọ́rọ̀ kan tí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé nígbà òjò. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun fúnra rẹ̀ ló ń ro oko iṣu àti oko egúsí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀. Bí ọlọ́kadà bá dúró tì í lọ́nà pé kó gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́, á dúpẹ́, á ní kó máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọmọ méjì ló bí. Abdulazeez, àbúrò, dúró ti oko nílé. Àyọ̀ká, ẹ̀gbọ́n, ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Lọ́kọ́ja. Ó fẹ́ Sámúẹ́lì, ọmọ Mọ̀pà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Otokiti, nínú ìlú Lọ́kọ́ja náà, ni wọ́n kọ́lé sí. Ìyé ni àwọn ọmọ méjèèjì ń pe Kàrímọ́tù, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ tiwọn.

Kùkùté ló gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ lóko. Ó fi ewé dì í, ó fi òrí pa á, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ti wà lára òun tipẹ́, kò sì mọ ìdí tí egbò tí kò tó nǹkan fi kọ̀ tí kò jinná. Abdulazeez pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé ẹsẹ̀ Ìyé ń wú. Àyọ̀ká ní òun ń bọ̀ bí àwọn ọmọ bá ti ṣe ìdánwò tán. Wọ́n ṣe ìdánwò tán, ó tún ku iṣẹ́ wọn tí yóò máàkì. Nígbà tó fi máa gun òkè Agbája, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Kàrímọ́tù ti sun tùràrí sínú yàrá kí ọmọ rẹ̀ má baà gbọ́ òórùn egbò náà. Àyọ̀ká gbọ́ òórùn méjèèjì pa pọ̀, kò sì lè gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Gadumo, ní Lọ́kọ́ja, ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà tó gbà wọ́n ń jẹ́ Elisha, ọmọ Ígálà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù. Ọ̀wọ́rọ̀ nìkan ni Kàrímọ́tù gbọ́ délẹ̀, yàtọ̀ sí Hausa ráńpẹ́ tó fi ń ná ọjà. Dókítà kò gbọ́ Ọ̀wọ́rọ̀. Báyìí ni Àyọ̀ká ṣe di ògbufọ̀ tó ń dúró láàárín wọn, tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan fún ẹnì kejì. Kò sí ẹni tó yàn án. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Dókítà ní ẹsẹ̀ náà ti kú, kò sí oògùn tó lè jí i mọ́. Ó ní àfi kí wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, májèlé inú rẹ̀ á wọ ẹ̀jẹ̀. Àyọ̀ká sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Kàrímọ́tù tẹ́tí, ó sì béèrè ọ̀rọ̀. "Bí wọ́n bá gé e, ṣé ó dájú pé mi ò ní kú?"

Dókítà ní kò sí ohun tó dájú, àmọ́ ìrètí wà dáadáa.

"Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́? Ṣé kò ní rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú?"

Dókítà ní bí wọ́n bá ń tọ́jú àtọ̀gbẹ náà, ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀.

Kàrímọ́tù mi orí díẹ̀díẹ̀. "Sọ fún un pé mo dúpẹ́. Kí wọ́n má gé e."

Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè pé kó gbọ́. "Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ ohun tó wí. Mo gbọ́. Ó ní mo lè kú. Mo ti dàgbà tó ẹni tó lè kú, Àyọ̀ká. Mo dúró ti bàbá yín títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo mọ bó ṣe ń rí. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnì kan máa gbé mi bí ìkókó kí n tó lè jáde ṣe gáà. Ẹsẹ̀ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sílé."

Àyọ̀ká gba ọ̀rọ̀ náà fún dókítà. Elisha bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Orí wọn pé," ó ní. "Bí orí aláìsàn bá pé, tó sì ní òun ò fẹ́, mi ò lè fi ọ̀bẹ kàn án. A ó tún bi wọ́n lọ́la. Bóyá wọ́n á yí ọkàn padà."

Nígbà tí Àyọ̀ká délé, kò lè jẹun. Ó ń ro ikú ìyá rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó ń rò, èyí tí kò sọ fún Sámúẹ́lì, tí kò sì fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wò tààrà. Ó ń ro ohun tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa sọ ní yàrá wọn: pé Àyọ̀ká ń gbé ní ìlú, ó kàwé, ó kọ́lé, egbò ẹsẹ̀ lásán ló pa ìyá rẹ̀. Ó ń ro bí àwọn ará abúlé á ṣe máa wo òun níbi ìsìnkú, tí Abdulazeez á sì dákẹ́, tí kò ní sọ pé òun pe ẹ̀gbọ́n òun lórí fóònù tí kò wá.

Nígbà tí òun àti Abdulazeez padà débẹ̀ láàárọ̀, ibà ti gun Kàrímọ́tù. Ara rẹ̀ gbóná, ètè rẹ̀ gbẹ, àmọ́ ó ṣì mọ ọmọ rẹ̀, ó sì béèrè bóyá Abdulazeez ti jẹun. Abdulazeez dúró ní ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó di irin rẹ̀ mú. Dókítà wọlé kánkán.

"Ẹ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i," ó wí fún Àyọ̀ká. "Ẹ sọ fún wọn pé bí a ò bá gé e lónìí, mi ò rò pé a ó tún lè ṣe nǹkan kan. Ṣé wọ́n gbà?"

Àyọ̀ká yíjú sí ìyá rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyé, dókítà ní àwọn fẹ́ wẹ egbò yìí dáadáa. Wọ́n á fún yín ní oògùn oorun kí ó má baà dùn yín."

"Ṣé wọn ò ní gé e?"

"Wọn ò ní gé e."

Kàrímọ́tù wò ó. Ibà náà ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa dán. "Bó bá jẹ́ wíwẹ̀ ni, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Àmọ́ sọ fún un o, mo ní kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ mi." Ó yíjú sí dókítà, ó sì mi orí sókè sísàlẹ̀ fún un kó lè mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ tán.

"Wọ́n ní ó dáa," ni Àyọ̀ká wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Wọ́n ní kí ẹ gé e."

Ara dókítà balẹ̀, gbogbo wọn ló rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọwọ́ Kàrímọ́tù mú, ó ní wọ́n ṣe bí akin. Kàrímọ́tù kò mọ ohun tó wí, ṣùgbọ́n ó rí i pé ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, ó sì fi Hausa dá a lóhùn: "Na gode." Ó ń dúpẹ́.

Abdulazeez ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ tó láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó jáde síta. Nígbà tí wọ́n ti gbé ìyá wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Àyọ̀ká bá a lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dọngóyárò.

"Àǹtí, ẹ purọ́ mọ́ Ìyé lẹ́nu," ó ní.

"Ṣé o fẹ́ kó kú ni?"

"Mi ò fẹ́ kó kú." Ó wolẹ̀. "Ó dáa. Ó ti ṣẹlẹ̀." Bí òun náà ṣe wọ inú irọ́ náà nìyẹn. Kò sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí dókítà fi jáde wá sọ fún wọn pé iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere.

Ọ̀sán ni Kàrímọ́tù jí. Àyọ̀ká nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí i bí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣe ń rìn lábẹ́ aṣọ, tó kọjá itan, tó dé orúnkún, tó sì dúró. Aṣọ náà tẹ́ pẹrẹsẹ síbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà. Kàrímọ́tù ò sunkún. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó mu ún, ó dá ife padà.

"Àyọ̀ká. Kí ni o ní mo wí?"

Àyọ̀ká gbé ife náà sílẹ̀.

"Nígbà tí dókítà bi mí, tí mo dá a lóhùn. Kí ni o sọ fún un pé mo wí?"

"Mo ní ẹ gbà."

"O ní mo gbà." Ó tún un sọ bí ẹni tó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lẹ́nu òun. "Níbo ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sí?"

Àyọ̀ká kò mọ̀. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti béèrè. Ó sáré jáde lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Comfort, èyí sì sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ti gbà á. Abdulazeez ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ ọ́ nù, ó fi aṣọ funfun wé e, ó ti gbé e gun òkè lọ kó lè sin ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Àyọ̀ká padà wá sọ fún ìyá rẹ̀. Kàrímọ́tù pa ojú dé. "Ó ṣeun," ó ní. Abdulazeez ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yin Àyọ̀ká. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èso wá, wọ́n ní irú ọmọ báyìí ni èèyàn ń gbàdúrà pé kí òun bí. Àwọn ará abúlé sọ̀ kalẹ̀ láti Agbája, wọ́n ní bí kì í bá ṣe ti ọmọ tó mọ ojú ọ̀nà, inú ilẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ì bá wà. Kàrímọ́tù á gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Á kí àlejò, á béèrè ọmọ, á béèrè oko. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó lè dójú ti ọmọ rẹ̀. Ohun tó ń bá Àyọ̀ká sọ kò ju "fún mi lómi" àti "gbé ìrọ̀rí yẹn sókè" lọ, kò sì sọ èyí tìbínú tìbínú. Ì bá dáa fún Àyọ̀ká bó bá bínú.

Lọ́jọ́ ìsinmi, pásítọ̀ ní kó wá jẹ́rìí. Kò rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó bọ́ síwájú ìjọ, ó sọ bí egbò ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ìyá òun ṣe kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó débi tó le, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń wí pé, "Ọlọ́run fọwọ́ tọ́ ọkàn wọn, wọ́n sì gbà." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó padà sí àyè rẹ̀, ojú rẹ̀ ń gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Sámúẹ́lì fọwọ́ kàn án léjìká. Nígbà tí wọ́n délé, ó jẹ́wọ́ fún un. Sámúẹ́lì ronú sí i, ó ní, "Màmá wà láàyè. Jẹ́ kó tán síbẹ̀." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Kò sì gbé ohunkóhun kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Kàrímọ́tù ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín wọ́ọ̀dù nígbà tí Dókítà Elisha wá bá wọn pẹ̀lú àlejò méjì. Ọkùnrin kan ni, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé, lórí àga oníkẹ̀kẹ́, pẹ̀lú Esther ìyàwó rẹ̀ tó ń tì í. Báńdéèjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àrùn kan náà ni, dókítà sì ti ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n gé e, ó ń kọ̀.

"Mo fẹ́ kí wọ́n rí Màmá," dókítà wí fún Àyọ̀ká, inú rẹ̀ ń dùn. "Gbogbo aláìsàn ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ wọn fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n ṣàlàyé fún Bàbá bí wọ́n ṣe ṣe ìpinnu náà."

Àyọ̀ká gba ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀. Kàrímọ́tù rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ọkùnrin náà.

"Ibo ni ẹ ti wá?" ó bi í.

"Ìsánlú ni mo ti wá, mà. Ọmọ Yàgbà ni mí."

"Okun o," ó fi ìkíni tiwọn kí i.

"Okun, mà."

Àyọ̀ká wá mọ̀ pé ọkùnrin náà gbọ́ èdè wọn. Dókítà nìkan ni kò gbọ́.

"Wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe gbà fún yín," ni Kàrímọ́tù wí. "Mi ò gbà. Wọ́n sọ fún mi pé egbò ni wọ́n fẹ́ wẹ̀. Mo sùn, mo jí, mi ò bá ẹsẹ̀ mi níbẹ̀ mọ́. Mi ò lè sọ fún yín pé kí ẹ gé tiyín, mi ò sì lè sọ pé kí ẹ má gé e. Àmọ́ ẹnu yín ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

Esther fọwọ́ bo ẹnu. Bámiṣayé wo Kàrímọ́tù títí, ó wá yíjú sí Àyọ̀ká. Dókítà ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró.

"Kí ni wọ́n wí?"

Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Àyọ̀ká kọjú sí dókítà. "Wọ́n ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ni pé wọ́n fẹ́ wẹ egbò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Èmi ni."

Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú dókítà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọra ń kú lọ. Ó wo ibi tí ẹsẹ̀ Kàrímọ́tù mọ, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Bámiṣayé fi èdè Yàgbà tirẹ̀ bi Kàrímọ́tù ní ìbéèrè kan. "Ìyá, ní báyìí tí ẹ wà láàyè, ṣé ẹ ì bá fẹ́ kí wọ́n fi yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe wí?"

Kàrímọ́tù ronú. "Òwúrọ̀ míì wà tí inú mi ń dùn pé ilẹ̀ mọ́ bá mi. Òwúrọ̀ míì wà tí kì í rí bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ọ̀kan pa mọ́ fún yín."

"Ẹ ṣeun, mà," ni ọkùnrin náà wí, ó sì ní kí ìyàwó òun ti òun padà.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Àyọ̀ká gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ náà tu ara rẹ̀ nínú, pé ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín òun sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀. Ká ní Ebira tàbí Ígálà ni Bámiṣayé, ká ní kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú yàrá, ó mọ ohun tí ẹnu òun ì bá sọ. Ó ti wà létí ètè rẹ̀: "Wọ́n ní kí ẹ má bẹ̀rù." Ẹlẹ́rìí ló sọ ọ́ di olóòótọ́.

Dókítà bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àyọ̀ká rò pé ó máa jágbe mọ́ òun, ó sì ti múra sílẹ̀ fún un. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n gé ẹsẹ̀ ẹni tó ní kí n má gé e," ó ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má kú ni."

"Èmi náà ń bẹ̀rù." Ó fara ti ògiri. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n kọ̀, wọ́n sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ẹ sọ fún mi, mo sì gbà á. Nọ́ọ̀sì Comfort, ọmọ Kàbà ni. Ó gbọ́ èdè yín. Ǹ bá ti ní kí wọ́n pè é wá bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò pè é, torí 'bẹ́ẹ̀ ni' ni mo fẹ́ gbọ́. Mo gbọ́ ọ, mo sì ń fi wọ́n yangàn káàkiri wọ́ọ̀dù."

Ó pe Comfort. Àwọn méjèèjì wọ inú yàrá lọ bá Kàrímọ́tù, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọn ò pe Àyọ̀ká.

Ohun tí dókítà sọ níbẹ̀, Àyọ̀ká ò béèrè rí. Ìyá rẹ̀ ò sì sọ. Ohun tó mọ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kàrímọ́tù ní òun fẹ́ padà sí Agbája, òun ò ní dé Otokiti. Àyọ̀ká ti tún yàrá ṣe fún un. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí símẹ́ǹtì wọ́ọ̀dù, ó ní kó jọ̀wọ́ kó dárí ji òun.

"Dìde," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí."

Ó dìde, ó jókòó.

"O ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè òyìnbó láti ọjọ́ yìí. Inú mi máa ń dùn sí i. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé níbi tí ẹnu mi ò bá dé, ẹnu ọmọ mi á débẹ̀." Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ itan rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń tẹ́ ẹ. "Inú mi dùn pé mo wà láàyè. Ìyẹn ò sọ ọ́ di pé ẹ bi mí. Ká ní o bá mi jà ni, ká ní o sunkún, o ní kí Abdulazeez náà sunkún, ẹ kó àwọn àgbà wá bẹ̀ mí, bóyá ǹ bá gbà. Mi ò mọ̀. O ò jẹ́ kí n mọ̀."

Àyọ̀ká sunkún nígbà náà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sunkún. Nígbà tí Abdulazeez dé pẹ̀lú ọkọ̀, Kàrímọ́tù na ọwọ́ sí i pé kó ran òun lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì jọ jáde.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Àyọ̀ká pàdé Esther ní Ganaja, ní Lọ́kọ́ja, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń dúró de kẹ̀kẹ́. Aṣọ dúdú ló wà lára rẹ̀. Àyọ̀ká fẹ́ yà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan, ṣùgbọ́n Esther ti rí i, ó sì kí i, ó béèrè Màmá.

"Bàbá ti lọ," ni Esther wí. "Wọn ò jẹ́ kí wọ́n gé e. Orí bẹ́ẹ̀dì wọn nílé ni wọ́n kú sí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Àyọ̀ká wí. Kò mọ èyí tó ń tọrọ àforíjì fún, bóyá irọ́ rẹ̀ ni o, bóyá òótọ́ rẹ̀ ni.

Esther wo ọ̀nà. "Mo bínú sí ìyá yín. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo bínú gan-an. Mo ní ká ní wọ́n sọ ohun mìíràn lọ́jọ́ yẹn ni. Àmọ́ Bàbá ní kí n má bínú sí wọn. Wọ́n ní dókítà bi àwọn, àwọn fúnra àwọn sì dáhùn." Kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó wọ̀ ọ́. Ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Àyọ̀ká ní kí wọ́n máa lọ, òun máa wọ òmíràn.

Nígbà tó yá tí Kàrímọ́tù fẹ́ padà wá rí dókítà, Àyọ̀ká gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ dúró dè wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Aishat, ọmọ Abdulazeez, tó ń ránṣọ ní Ganaja, ló mú ìyá àgbà rẹ̀ wá. Kàrímọ́tù kí Àyọ̀ká dáadáa. Ó béèrè Sámúẹ́lì, ó béèrè àwọn ọmọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pe orúkọ rẹ̀, Àyọ̀ká dìde pẹ̀lú wọn, bó ṣe máa ń ṣe.

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí. "Aishat ló máa bá mi wọlé."

Ó jókòó. Ilẹ̀kùn náà kò sé dáadáa, ó sì ń gbọ́ ohùn: ti dókítà, ti Aishat, ti ìyá rẹ̀. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìgbà kan wà tí Kàrímọ́tù rẹ́rìn-ín. Àwọn aláìsàn tó kù lórí bẹ́ǹṣì ń wò ó, ọ̀kan nínú wọn sì bi í bóyá ó fẹ́ rí dókítà. Ó ní rárá, òun sin ìyá òun wá ni.

Aishat ló kọ́kọ́ jáde, ó ń lọ ra oògùn.

"Kí ni dókítà wí?" Àyọ̀ká bi í.

Ọmọbìnrin náà dúró, ó ń wo bàtà rẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ìyá àgbà ní kí n máa bi àwọn kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kò burú," ni Àyọ̀ká wí. "Máa lọ."

Kàrímọ́tù jáde lórí ọ̀pá rẹ̀. Ó ní kí Àyọ̀ká sún, ó sì jókòó tì í. Oòrùn ọ̀sán Lọ́kọ́ja ti gba gbogbo àgbàlá, òógùn ń ṣàn ní ọrùn ìyá àgbà náà. Àyọ̀ká tú gèlè ara rẹ̀, ó ti ká a sọ́wọ́ láti máa fẹ́ ẹ, kó tó dá ọwọ́ dúró.

"Ìyé, ṣé kí n fẹ́ yín?"

Kàrímọ́tù rò ó wò. "Rárá," ó ní. "Mo fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Àyọ̀ká gbé gèlè náà lé itan. Wọ́n jókòó nínú ooru náà, wọ́n ń dúró de Aishat.